Kí Ló Dé Tí Ojú Àwọn Sójà Mi Fi Dà Bí Eérú?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Èmi àti ọmọkùnrin mi la jọ máa ń ṣeré Warhammer 40,000. Ọmọ náà ní òun fẹ́ kí àwọn sójà Cadian wa dúdú bíi tiwa. Mo ra ọ̀dà búráùn, mo da ọ̀dà dúdú sí kòtò ojú àti abẹ́ àgbọ̀n, mo wá po funfun mọ́ búráùn fún orí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ojú wọn dà bí ojú òkú. Bí mo bá sún mọ́ wọn, eérú ni mò ń rí. Bí mo bá tò wọ́n sórí tábìlì, dúdú kan lásán ni, n ò rí imú, n ò rí ẹnu. Ẹnìkan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí sọ fún mi pé àwọ̀ dúdú kì í ṣe é kùn dáadáa, kí n kúkú dé àṣíborí fún gbogbo wọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àbí ọ̀dà tí mo rà ni kò dára?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ọmọ títọ́. Kò sí ohun tó ṣe ọ̀dà rẹ. Ọwọ́ rẹ náà kò burú. Ẹni tó bá lè wo ère tó kùn fúnra rẹ̀, kó sì sọ pé ojú òkú ni, ti ní ojú iṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ ni kì í rí i. Ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra wọn nínú ìbéèrè rẹ: ìdí tí àwọ̀ náà fi di eérú nígbà tí o bá sún mọ́ ọn, àti ìdí tí ojú kò fi hàn mọ́ nígbà tí o bá jìnnà sí i. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó fa ti àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì. Mo sì fura pé èkejì yìí ló mú kí o máa bu funfun kún funfun, tí àkọ́kọ́ fi ń burú sí i.

Fún àwọn òǹkàwé tí kò mọ ohun tí à ń sọ, Warhammer 40,000 jẹ́ eré ogun orí tábìlì tí ilé iṣẹ́ Games Workshop ti Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1987. Ike ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ẹni tó rà wọ́n ló máa fi gọ́ọ̀mù tò wọ́n pọ̀, òun náà ló sì máa kùn wọ́n. Sójà ẹlẹ́ran ara ni Cadian nínú ìtàn náà, ènìyàn bíi tèmi tìrẹ. Ère ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó nǹkan bíi mílímítà 30, ojú rẹ̀ kò sì ju bíi mílímítà 4 tàbí 5 lọ. Orí ibi kékeré yẹn ni gbogbo wàhálà wa wà.

Jẹ́ ká ti orí eérú bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni láti kun òyìnbó ni o gbà kun ènìyàn dúdú. Ẹ̀kọ́ tó wà níta fún olùbẹ̀rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: kun gbogbo ojú ní àwọ̀ kan, da ọ̀dà olómi tó ṣú sínú kòtò, kí o wá po funfun mọ́ àwọ̀ àkọ́kọ́ láti fi kan ibi tó yọ síta. Lára òyìnbó, ó ń ṣiṣẹ́, nítorí àwọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí funfun tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n pupa àti àwọ̀ ọsàn tó fara pamọ́ sínú búráùn ló ń mú un gbóná, funfun sì ni ọ̀tá wọn. Funfun inú ọ̀dà wa, èyí tí wọ́n fi táíténíọ̀mù ṣe, lágbára púpọ̀, ó sì máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ̀kán rẹ̀ kan nínú búráùn á mú un mọ́lẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ á pa pupa inú rẹ̀, á sì mú kó tutù. Ohun tó máa kù sójú sójà rẹ á dà bí ẹsẹ̀ ẹni tí ọyẹ́ mú tí kò rí ìpara fi pa á.

Ìdí mìíràn wà tó jinlẹ̀ ju ọ̀dà lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sára ènìyàn máa ń pín: díẹ̀ á ta padà lójú awọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìyókù á wọ inú awọ lọ kó tó jáde. Lára ẹni tó pupa, èyí tó wọ inú lọ ń padà jáde lọ́pọ̀, ìyẹn ni gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi máa ń mọ́lẹ̀ pa pọ̀. Lára adúmáadán, mẹ́lánínì, ohun tó ń mú awọ dúdú, á gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì, èyí tó ta padà lójú awọ ló wá hàn gedegbe. Wo iwájú orí àgbàlagbà kan lábẹ́ iná níbi òde àríyá. Ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ kéré, ó mú, àwọ̀ iná tó ń tàn sí i ló gbé wọ̀, ó sì máa ń já lójijì sínú búráùn tó jinlẹ̀. Kò sí pé ó ń rọra ṣí kúrò ní búráùn bọ́ sí funfun. Nítorí náà, lórí ère, ibi tó mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré, kó sì mọ́lẹ̀ dáadáa. Àyíká rẹ̀ ni kí o fi sílẹ̀ kó dúdú, kó sì gbóná. Bí o bá gbàgbé gbogbo ìyókù, má gbàgbé èyí.

Orúkọ ọ̀dà Citadel, ọ̀dà ilé iṣẹ́ Games Workshop fúnra wọn, ni mo máa lò, torí òun ló rọrùn jù láti rí ní Leeds, ṣùgbọ́n Vallejo ti Sípéènì àti The Army Painter ti Dẹ́nmáàkì náà ní àwọn àwọ̀ tó sún mọ́ wọn. Rhinox Hide ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, búráùn tó jinlẹ̀ tó fẹ́ẹ̀ dúdú. Bu omi là á títí yóò fi máa ṣàn lórí àwo láì dúró ní gegele, kí o wá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó ki á dí ihò imú pa. Bó bá gbẹ, po Doombull Brown, tó ní pupa nínú, mọ́ ọn ní ìlàjì ìlàjì, kí o fi kan iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú, àgbọ̀n àti etí. Má dé kòtò ojú àti ẹ̀gbẹ́ imú. Mournfang Brown ló kàn, tó sún mọ́ àwọ̀ ọsàn. Apá òkè ibi tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn nìkan ni kó bọ́ sí. Níbí yìí ni ojú náà á ti pupa jù, ọkàn rẹ á sì sọ fún ọ pé o ti bà á jẹ́. Má dá a lóhùn. Fi Cadian Fleshtone, àwọ̀ ara tó mọ́lẹ̀, sínú Mournfang, kó tó ìdá kan nínú mẹ́ta, kí o wá fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì fọwọ́ kan egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, orí imú, egungun òkè ojú àti àárín àgbọ̀n. Kẹ́yìn, bu Cadian Fleshtone lásán, fi ẹ̀kán búlúù fífẹ́ẹ́ kan sí i, kí o tò ó sí ibi méjì péré: tóótó kan lórí imú, tóótó kan níwájú orí. Búlúù yẹn ni ojú ọ̀run tó ń tàn sójú rẹ̀. Bí ó bá ti lé ní tóótó, ó ti pọ̀ jù nìyẹn.

Ọ̀dà dúdú tí o dà sínú kòtò náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Nuln Oil, ọ̀dà olómi dúdú ti Citadel, dára lára ìbọn àti irin, àmọ́ ó máa ń sọ búráùn di ìdọ̀tí. Po Rhinox Hide mọ́ Naggaroth Night, tí í ṣe àwọ̀ àlùkò tó ṣú, bu omi là á dáadáa, kí o fà á gba kòtò ojú, abẹ́ ètè, abẹ́ àgbọ̀n àti ibi tí àṣíborí ti pàdé iwájú orí. Òkùnkùn tó bá ní àwọ̀ nínú ṣì máa ń jọ ara alààyè.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lọ́dọ̀ Salamanders ni o ti kó àṣà dúdú àti eérú yìí. Ẹgbẹ́ Space Marine kan, ìyẹn àwọn jagunjagun ńlá tí wọ́n tún ara wọn ṣe, ni wọ́n nínú eré náà, awọ wọn dúdú bí èédú, ojú wọn pupa. Ìtàn eré náà sọ pé ìtànṣán tó ń jà ní Nocturne, pílánẹ́ẹ̀tì wọn, ló pàdé ohun tí wọ́n fi sára Space Marine, tó sì sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe ti ìran ènìyàn kankan láyé. Fún wọn, dúdú ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú búlúù tàbí eérú lókè tọ̀nà pátápátá, ó sì máa ń rẹwà. Ẹ̀kọ́ fún Salamanders wà káàkiri, ẹni tó bá sì gbé e wá sójú sójà Cadian á bá ara rẹ̀ níbi tí o wà yìí.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí ẹni tí kò bá wa gbé kì í rántí, àwa náà sì máa ń gbàgbé wọn nítorí pé ojoojúmọ́ là ń rí wọn. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò lára ère tí ẹlòmíì kùn. Bí ọ̀gá sójà kan bá na ọwọ́ síta láti tọ́ka ọ̀nà, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì dúdú bí ẹ̀yìn ọwọ́, kíá ni ojú máa mọ̀ pé nǹkan kan ò tọ́, kódà bí ẹni náà ò mọ ohun tó jẹ́. Po Mournfang mọ́ Cadian Fleshtone fún àtẹ́lẹwọ́, kí o fi búráùn tó jinlẹ̀ sílẹ̀ nínú ìlà ọwọ́. Ètè ìsàlẹ̀ máa ń gba pupa díẹ̀. Bugman's Glow, ọ̀dà pupa rúsúrúsú, tí o fi omi là dáadáa ti tó o. Ètè òkè ní tirẹ̀, jẹ́ kó dúdú. Ẹyinjú kò gbọdọ̀ funfun gbòò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ọmọ ogun rẹ á dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iwin. Bu búráùn díẹ̀ sínú funfun náà. Bí orí kan kò bá dé àṣíborí, tí irun rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n gé mọ́lẹ̀, dúdú tó ní búlúù nínú, tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, ni kí o fi fẹ́lẹ́ bo awọ orí. Bí ọmọ rẹ bá wá béèrè ilà ojú, torí àwọn ọmọ á béèrè, pélé ṣe é ṣe: ìlà mẹ́ta kúkúrú lóòró, kí o fi Rhinox Hide fà wọ́n. Àbàjà ní mílímítà 4? Jẹ́ kó lọ fi kun ère ńlá.

Má sì kun gbogbo wọn ní búráùn kan náà. Nínú mọ̀lẹ́bí kan ṣoṣo, a máa ń rí ẹni tó dú bí kóró iṣin àti apọ́nbéporẹ́, ẹni tó wà láàárín wọn sì lè jẹ́ mẹ́ta mẹ́rin. Fún ẹni tó dú jù, dín Mournfang kù, jẹ́ kí àwọ̀ àlùkò inú òjìji pọ̀, kí tóótó orí imú sì tutù sí i. Fún apọ́nbéporẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti Doombull Brown tààrà, kí o sì fi àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ sínú èyí tó mọ́lẹ̀ jù. Ọ̀dà kan náà ni gbogbo rẹ̀, òṣùwọ̀n nìkan ló yí padà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ojú tí kò hàn láti ọ̀nà jíjìn. Lójú tèmi, aṣọ sójà náà ló fà á ju ojú rẹ̀ lọ. Àṣíborí Cadian máa ń jẹ́ àwọ̀ ewéko tó ṣú, kọ́là rẹ̀ náà ṣú, o wá fi ojú dúdú sáàárín wọn. Kí ni yóò fi ojú hàn? Kàkà kí o máa fi funfun da ojú láàmú, mú aṣọ mọ́lẹ̀. Kákí tó fẹ́ẹ́ ní ọrùn, tàbí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́lẹ̀ yí etí àṣíborí ká, á yọ ojú dúdú jáde láti òdìkejì tábìlì. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn awọ dúdú lára ọmọ ogun tó wọ aṣọ iyanrìn: ojú òyìnbó máa ń sọnù sínú aṣọ yẹn, tiwa kì í sọnù. Tún yẹ iná orí tábìlì rẹ wò. Gílóòbù tó pọ́n jù á tàn ọ́ jẹ, o ó rò pé búráùn náà gbóná, àfi ìgbà tí o bá gbé e sójú fèrèsé láàárọ̀. Fóònù náà máa ń purọ́: bí ohun tó wà lẹ́yìn ère bá funfun, kámẹ́rà á rẹ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, ojú á sì ṣókùnkùn. Fi nǹkan tí kò funfun tí kò dúdú sẹ́yìn rẹ̀, kí o tẹ ojú ère náà lójú fóònù kí o tó ya á.

O kò mẹ́nu ba fáníìṣì, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ bi ọ́. Fáníìṣì tí kì í dán ní lẹ́búlẹ́bú kan nínú tó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, òun ni kì í jẹ́ kí nǹkan dán. Lórí funfun tàbí àwọ̀ ìyeyè, ojú kì í rí i. Lórí búráùn tó jinlẹ̀, ó lè hàn bí ìkúùkù, pàápàá bí o bá fọ́n ọn láti inú agolo lọ́jọ́ tí òtútù àti ọ̀rinrin pọ̀, èyí tí ẹ kì í sì í fẹ́ kù ní Yorkshire, agbègbè tí Leeds wà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn fáníìṣì ni eérú náà yọjú, gbogbo ohun tí mo sọ nípa funfun lè má kàn ọ́ tó bí mo ṣe rò, n kò sì lè mọ̀ ọ́n láti ibi tí mo jókòó sí. Fi búrọ́ọ̀ṣì ta fáníìṣì tó ń dán sójú ọ̀kan wò. Bí àwọ̀ bá padà jinlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, fáníìṣì ló jẹ̀bi. Ní ti ọjọ́ iwájú, fi èyí tí kì í dán bo aṣọ, kí o wá fi èyí tó ń dán díẹ̀ pa ojú àti ọwọ́. Díẹ̀ ni mo wí o. Èyí tó ń dán gbòò á sọ ọ́ di nǹkan ìṣeré ọmọdé.

Bí sójà rẹ bá pọ̀, ká ní 60, ọ̀nà tí mo là sílẹ̀ yìí á gba ọ̀pọ̀ alẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀dà Contrast tí Citadel gbé jáde ní 2019 lè gbà ọ́: olómi ni, á ṣàn lọ sínú kòtò fúnra rẹ̀, á sì fi orí egungun sílẹ̀ kó mọ́lẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé lórí ìpìlẹ̀ tó funfun, Cygor Brown tàbí Wyldwood máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní àbàwọ́n àbàwọ́n, èyí sì lòdì sí bí awọ dúdú ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀. Kọ́kọ́ fi Mournfang kun ojú, jẹ́ kó gbẹ, kí o tó da Wyldwood tí o ti fi omi là sí i, kí o wá fi tóótó méjì yẹn parí rẹ̀. Kò tó ti àkọ́kọ́ lẹ́wà. Èmi a máa lò ó fún èrò ẹ̀yìn, àwọn ọ̀gá tó dúró níwájú ni mo máa ń ṣe wàhálà lé lórí.

Ẹni tó ní kí o dé àṣíborí fún wọn kò purọ́ tán. Ó ṣòro díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó mú un ṣòro ni pé fún ìgbà pípẹ́, ojú òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ́ni, àwọ̀ òyìnbó ni wọ́n sì ń rò fún ọ̀pọ̀ ọ̀dà ara. Citadel àtijọ́ ní Elf Flesh, Dwarf Flesh, Bronzed Flesh. Dark Flesh náà wà lórí àtẹ, àmọ́ nígbà tí wọ́n yí orúkọ ọ̀dà wọn padà ní 2012, Doombull Brown ló rọ́pò rẹ̀, òun náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí o rà. Ọ̀dà náà ti wà lọ́jà tipẹ́, ẹni tó máa kọ́ni bí a ṣe ń lò ó fún irú ojú tiwa ni kò pọ̀.

Ní ti àwọn tí o ti kùn, má fọ̀ wọ́n nù. Bu Reikland Fleshshade, pupa búráùn olómi ni, kí o ta á fẹ́lẹ́ bo gbogbo ojú tó di eérú náà. Jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Bí eérú bá ṣì yọjú, tún fi Doombull Brown tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ bò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà kí o wá ṣe orí imú àti iwájú orí bí mo ṣe sọ. Ìgbà tí ọ̀dà bá ti ki tí ihò imú àti ẹnu fi dí nìkan ló yẹ kí o bó wọn. Dettol búráùn tó wà nílé yín á ṣe é fún ike: gbé wọn sínú ìgò tó ní ìdérí mọ́jú, wọ ìbọ̀wọ́, ṣí fèrèsé, má jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án. Inú Dettol náà ni kí o ti fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ wọ́n. Bí o bá gbé wọn sábẹ́ omi ẹ̀rọ kí ọ̀dà tó kúrò, gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra bíi gọ́ọ̀mù, o ó sì kábàámọ̀. Ọṣẹ àti omi ló kẹ́yìn. Bí àwọn kan lára wọn bá jẹ́ résìnì, ohun mìíràn tó jọ ike, má kì wọ́n bọ̀ ọ́, torí ó lè mú wọn rọ̀. Ṣe ọ̀kan kí o tó fọwọ́ kan ìyókù, kí o sì jẹ́ kí ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ tò tóótó orí imú: ọwọ́ àwọn ọmọdé kì í fẹ́ gbọ̀n bíi tiwa.